Ilé Bíńtín Lábẹ́ Oòrùn Òṣogbo

Láti ìgbà tí a ti tẹ àwòrán àwọn ilé kéékèèké jáde nínú abala yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé láti Òṣogbo àti àyíká rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kọ́ irú rẹ̀, àwọn kan sì ń bi wá bóyá àgbàlagbà ènìyàn lè gbé inú irú rẹ̀ ní tòótọ́. Márùn-ún nínú àwọn ìbéèrè náà ni a mú fún ti oṣù yìí. A gé wọn kúrú, a sì fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Òkè-Baálẹ̀ ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà fi fọ́tò ilé bíńtín kan tó ní táyà lábẹ́ ránṣẹ́ sí wa. Ó ní irú rẹ̀ ló yẹ kí a kọ́ sórí ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì tí a ní ní ẹ̀yìn ìlú, kí a má baà kó owó ìfẹ̀yìntì sórí ilé oníyàrá mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé. Ọ̀rọ̀ náà wù mí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Kí ni ẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Bàbá, ọ̀rọ̀ ọmọ yín ní làákàyè nínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yọ táyà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe torí ẹwà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe gbé ilé lé táyà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wọn, òfin kò gbà kí ènìyàn kọ́ ilé tó kéré ju ìwọ̀n kan lọ, nítorí náà àwọn tó fẹ́ ilé kékeré gbé e sórí ọkọ̀ tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, kí òfin lè kà á sí ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú àwọn ilé náà kò fi fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ àbọ̀ lọ, nítorí òfin ojú pópó wọn kò gba ọkọ̀ tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láìgba àṣẹ pàtàkì. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e; ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti Ìyá kò fà lọ síbì kankan, ẹ ti ní ilẹ̀, ìpìlẹ̀ ló sì yẹ ilẹ̀ yín.

Ohun tó yẹ kí ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ náà ni ìwọ̀n ilé. Ní ọdún 2018, ìwé ìlànà ìkọ́lé tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò fi àfikún kan sí i fún àwọn ilé bíńtín, ó sì pè wọ́n ní ilé tí ilẹ̀ inú rẹ̀ kò ju 400 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin lọ, láì ka àjà mọ́ ọn, ìyẹn bí ilé tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 tó sì fẹ̀ ní 20. Ẹ wá wo Òṣogbo. Yàrá kan àti pálọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, kò tó 300, tọkọtaya àti ọmọ mẹ́rin sì ń gbé irú rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun láìsí oníròyìn kankan tó wá yà wọ́n ní fọ́tò. Kíkéré ilé kì í ṣe ohun tuntun sí wa rárá. Ohun tó bọ́ sọnù lọ́wọ́ wa ni ohun tó ń mú kí ilé kékeré tu ènìyàn lára. Nínú agbo ilé àtijọ́, yàrá máa ń há, ó sì máa ń ṣókùnkùn, nítorí pé ibi tí a ń sùn sí tí a sì ń kó ẹrù pamọ́ sí ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàlejò, tí wọ́n ti ń ta ayò, tí wọ́n ti ń parí ìjà, àgbàlá sì ni wọ́n ti ń dáná tí wọ́n ti ń gbe omi òjò láti etí òrùlé. Nígbà tí a mú yàrá náà tí a sì fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, tí a tò ó ní mẹ́wàá-mẹ́wàá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà tóóró kan, ni ìhámọ́ bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ tèmi, èmi yóò kọ́ ilé tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 24 tó sì fẹ̀ ní 16. Yóò gba yàrá ìsùn kan, pálọ̀ kékeré, ilé ìwẹ̀ àti ibi ìdáná onígáàsì, kò sì ní tíì pé 400. Èmi yóò wá fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí iwájú rẹ̀ láti igun dé igun, n kò sì ní gbà fún bíríkìlà tàbí ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó bá ní kí n mọ ògiri dí i kó lè di yàrá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé náà kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú gba ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, nítorí oòrùn ọ̀sán tó ń lọ sí ìrọ̀lẹ́ ló máa ń yan ògiri, ilé bíńtín kò sì ní yàrá kejì tí ènìyàn lè sá sí. Kí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí atẹ́gùn lè wọlé níhìn-ín kó jáde lọ́hùn-ún. Kí etí òrùlé yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí sílìn má sì rẹlẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ. Owó tí ọmọ yín fẹ́ ná lórí àga tó ń ká wọ inú ògiri àti tábìlì tó ń di bẹ́ẹ̀dì, ẹ ná an sórí òrùlé.

Ibi tí ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ti máa ń já ènìyàn kulẹ̀ jù kì í ṣe inú ilé, abẹ́ ilẹ̀ ni. Ìgbẹ́ ènìyàn méjì nínú ilé kékeré kò yàtọ̀ sí ìgbẹ́ wọn nínú ilé ńlá. Àwọn onímọ̀ ìlera máa ń gba ni nímọ̀ràn pé kí sọ́kàwéè jìnnà sí kànga tó mítà 30. Ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 50 jẹ́ nǹkan bíi mítà 15 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́ kò ní rí ju mítà 21 àti díẹ̀ lọ. Èyí já sí pé kànga yín àti sọ́kàwéè yín kò lè jọ wà lórí ilẹ̀ náà bó ṣe tọ́, ká má tíì sọ ti aládùúgbò tó ti gbẹ́ tirẹ̀ sí ìdí ògiri yín. Kí ẹ tó pe bíríkìlà, ẹ rìn yí ilẹ̀ náà ká, ẹ béèrè ibi tí sọ́kàwéè ẹnì kọ̀ọ̀kan wà, bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí ẹ̀yin àti àwọn ará àdúgbò pawọ́ pọ̀ gbẹ́ omi kan síbi tó jìnnà sí gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ méjì ló kù. Ilé kékeré náà nílò pílánì tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹ má sì retí pé ilé tó kéré ní ìlọ́po mẹ́rin yóò dín owó kù ní ìlọ́po mẹ́rin, nítorí ilé ìwẹ̀ àti ibi ìdáná ló ń jẹ owó jù nínú ilé, ilé bíńtín sì nílò méjèèjì.

Ìbéèrè: Aránṣọ ni mí ní ẹ̀bá Gárèèjì Iléṣà, inú kọ̀ńténà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Owó ilé tí mò ń san ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di méjì, mo sì fẹ́ ra kọ̀ńténà ẹsẹ̀ bàtà 20 mìíràn tí èmi àti ọmọ mi kan yóò máa gbé. Ẹni tó ń tà á ní kò gba ju kí wẹ́dà gé fèrèsé sí i lọ. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Arábìnrin, ẹni tó ń tà á fẹ́ tà á ni. Kọ̀ńténà ṣeé gbé. Ní Amsterdam, wọ́n to kọ̀ńténà bíi 1,000 lé ara wọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi gbé inú wọn. Ṣùgbọ́n òtútù ni ọ̀tá àwọn yẹn. Irin tó wà lójú oòrùn láti àárọ̀ ni tiwa, ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ nínú rẹ̀ sì mọ bí aago méjì ọ̀sán ṣe máa ń rí níbẹ̀.

Inú kọ̀ńténà ẹsẹ̀ bàtà 20 kò fẹ̀ ju mítà 2.35 lọ. Nígbà tí káfíńtà bá fi igi àti fóòmù bo ògiri rẹ̀ nínú kí ooru lè dín kù, ohun tí yóò ṣẹ́ kù fún yín níbùú kò ní ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. Ohun tó lè gba kọ̀ńténà là ní Òṣogbo ni òrùlé kejì. Ẹ ri òpó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ kan páànù lé e lórí, kí àlàfo tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ wà láàárín páànù náà àti irin kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá, kí páànù náà sì gùn síwájú kó di ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún yín. Níbẹ̀ ni ẹ óò ti máa dáná, níbẹ̀ náà ni ọmọ yóò ti máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí ẹ kò bá ní owó òrùlé kejì, ẹ má tíì ra kọ̀ńténà.

Ní ti wẹ́dà, òpó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń gbé ẹrù kọ̀ńténà, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó rí kọ́lọkọ̀lọ bíi páànù sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ibikíbi tó bá gé, kó fi irin líle yí i ká. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ni kí búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Pákó ilẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti fi oògùn apakòkòrò kùn kí ó tó wọ ojú òkun, nítorí náà ẹ yọ ọ́, tàbí kí ẹ bò ó pátápátá kí ọmọ tó máa sùn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sínú rẹ̀ tàbí sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn lójú oorun nínú ilé ńlá, ibi tó há báyìí kò sì ní pẹ́ kún. Ẹ ní kí wọ́n gé ilẹ̀kùn kejì sí ìdí rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí iná àti aṣọ kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Àǹfààní tí kọ̀ńténà ní tí ilé búlọ́ọ̀kù kò ní ni pé, bí onílẹ̀ bá ní kí ẹ kó kúrò, kírénì yóò bá yín gbé ilé lọ. Fún ẹni tó ń yá ilẹ̀ gbé, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ìbéèrè: A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìgbéyàwó ni, Ọ̀tà-Ẹ̀fun ni a wà. Ṣé a lè kọ́ yàrá kan kí a sì máa sùn sórí àjà, bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú fídíò àwọn Òyìnbó?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe é. Ooru máa ń gòkè ni, abẹ́ páànù ló sì máa ń dúró sí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹrù ni àwọn baba wa ń kó sórí àjà, ilẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí. Ẹ kọ́ àjà náà fún àpótí aṣọ, kí ẹ fi àkàbà tó ṣeé yọ sí i nítorí ọmọ tó ń bọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ilé kékeré aláràbarà wà ní ilẹ̀ Áfíríkà, àbí àwọn Òyìnbó nìkan ló ń ṣe é. Ṣé àwọn ilé inú Igbó Ọ̀ṣun náà wà lára wọn?

Ìdáhùn: Ọmọ wa, àwọn ilé inú Igbó Ọ̀ṣun kò sí lára wọn, nítorí ojúbọ ni wọ́n, ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn láti máa sùn sí. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ kọ́ bí ohun kékeré ṣe lè ní àrà, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Susanne Wenger, ọmọ Austria tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo tó bá a ṣiṣẹ́ ló fi amọ̀ àti símẹ́ńtì mọ púpọ̀ nínú ojúbọ àti ère tó wà níbẹ̀. Adébísí Àkànjí tó wà lára wọn, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lọ dúró síwájú ilé Ìlédì, ìyẹn ilé ìpàdé àwọn Ògbóni, tó wà níbẹ̀ kí o wo bí òrùlé ṣe ń pàṣẹ tí ògiri ń tẹ̀lé e. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Wenger fúnra rẹ̀, ilé petẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní ìlànà àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ní ojú ọ̀nà Ìbòkun ló gbé títí ó fi kú ní ọdún 2009.

Ní ti ilé tí ènìyàn ń gbé, má wo òkèèrè jù. Ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Tógò, ní Koutammakou, àwọn Batammariba ń fi amọ̀ mọ ilé alájà méjì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Takienta: ẹran ọ̀sìn wà nísàlẹ̀, àká wà lókè, òrùlé pẹrẹsẹ sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sá ọkà. Láti ọdún 2004 ni UNESCO ti kà á mọ́ ogún àgbáyé. Ní Kaduna, ní abúlé Yelwa, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ilé roboto kan ní ọdún 2011 tó jẹ́ pé ike omi tí wọ́n rọ iyanrìn kún ni bíríkì rẹ̀. Ó lẹ́wà, ó sì fìdí múlẹ̀, àmọ́ bí o bá fẹ́ dán an wò ní Òṣogbo, kọ́kọ́ ka iye ọwọ́ tí yóò máa rọ iyanrìn sínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ike ná.

Àwọn Òyìnbó ní tiwọn pẹ̀lú. Ní ìlú Conwy ní Wales, ilé pupa kan wà ní etí omi tí kò fẹ̀ tó mítà méjì, tó ga ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Apẹja kan tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ ló gbé inú rẹ̀ kẹ́yìn, ọdún 1900 ló sì kó jáde. Le Corbusier, ọ̀kan lára àwọn ayàwòrán ilé tó lókìkí jù ní ọ̀rúndún tó kọjá, kọ́ ahéré onípákó kan fún ara rẹ̀ ní etíkun gúúsù Faransé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Mítà 3.66 ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń yìn ín pé gbogbo ohun tí ènìyàn nílò ló wà nínú rẹ̀, wọn kì í sì í rántí sọ pé kò ní ibi ìdáná: ilé oúnjẹ kan ló fara tì, ilẹ̀kùn kan sì wà láàárín wọn tó fi ń lọ jẹun níbẹ̀. Bákan náà ni ilé gogoro Nakagin ní Tokyo, tí Kisho Kurokawa yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì parí ní ọdún 1972. Yàrá 140 tó dà bí àpótí ni wọ́n so mọ́ òpó méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìwẹ̀, kò sí ibi ìdáná nínú ọ̀kankan. Èrò wọn ni pé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 wọn yóò máa yọ èyí tó gbó, wọn yóò sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Wọn kò yọ ìkankan. Òjò ń jò wọ̀ ọ́, ìpẹta mú un, ní ọdún 2022 wọ́n sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Nígbàkúùgbà tí o bá rí fọ́tò ilé bíńtín tó wù ọ́, béèrè ibi tí ẹni tó ń gbé e ti ń jẹun, ibi tó ń sá aṣọ sí, àti ẹni tí yóò tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Fún iṣẹ́ àṣeyọrí rẹ ní ilé ẹ̀kọ́, èmi kò ní kọ̀ bí o bá fi Nakagin sílẹ̀ tí o sì gba abà kòkó lọ. Mú tépù dání, kí o wọn ahéré tó bá ṣì dúró níbẹ̀, kí o ya àwòrán rẹ̀, kí o bi àwọn àgbà léèrè irú igi tí wọ́n fi ṣe òpó rẹ̀ tí ikán kò fi jẹ ẹ́. Àwọn ahéré náà ń wó lọ́dọọdún, páànù àti búlọ́ọ̀kù ni wọ́n sì fi ń rọ́pò wọn.

Ìbéèrè: Mo ń tajà ní Ọjà Ọba. Àwọn ọmọ mi ti lọ tán, ilé oníyàrá mẹ́fà ṣófo lé mi lórí. Mo fẹ́ fi rẹ́ńtì kí n sì kọ́ ilé kékeré sí ẹ̀yìnkùnlé, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní níbo ni àwọn ọmọ yóò sùn bí wọ́n bá wálé ọdún, níbo ni n óò sì ti gba àlejò?

Ìdáhùn: Ìyá, ẹ bi àwọn ẹgbẹ́ yín léèrè, ní sùúrù, inú pálọ̀ ta ni wọ́n ti ṣe ìsọmọlórúkọ kẹ́yìn ní Òṣogbo. Kánópì ni a ń ta síwájú ilé, àga ni a ń háyà, ìta sì ni ìkòkò wà. Àlejò tó ju mẹ́rin lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ yàrá mọ́ nílẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àgbàlá ni. Ohun tó yẹ kó ká yín lára ni pé kí ilé tuntun náà má gba gbogbo ẹ̀yìnkùnlé.

Ìbéèrè nípa àwọn ọmọ ní tirẹ̀ ṣe pàtàkì. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ́ ilé bíńtín méjì tó dojú kọ ara wọn dípò ẹyọ kan, kí àgbàlá wà láàárín. Ọ̀kan ni tiyín. Èkejì, yàrá kan àti ilé ìwẹ̀ péré, yóò wà fún ọmọ tó bá wálé, kó ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ kí ìyàwó ilé má baà máa fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn káàkiri nítorí yín. Bí ó bá fi máa ṣófo, kí ẹ sọ nínú àdéhùn rẹ́ńtì ilé ńlá náà pé àwọn ayálégbé kò ní ọ̀nà sí àgbàlá ẹ̀yìn, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù kan, ẹ ri èèkàn mẹ́rin sí ẹ̀yìnkùnlé, kí ẹ fi okùn fa ìwọ̀n ilé náà jáde. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì yín sínú rẹ̀, ẹ gbé fíríìjì, àpótí aṣọ àti àga kan sí i, kí ẹ wá máa rìn láàárín wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tí kò rí àyè: odó, agbada, ìkòkò ńlá tí ẹ fi ń se oúnjẹ ẹgbẹ́. Ẹ má fi kún ilé náà nítorí wọn. Ẹ ní kí bíríkìlà fa páànù jáde ní ẹ̀yìn ilé, kí ó ṣe pèpéle kékeré sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀.